Ìgò Kejì

"Gbójú sókè kí n rí ọ dáadáa," ni onídìrí náà wí, ó sì fi ìka méjì gbé àgbọ̀n Afínjú sókè bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò kó tó rà á.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré náà, òórùn irun tí iná jó àti òórùn ìpara ti fún ara wọn lọ́rùn. Fáànù ń yí lókè àjà, àmọ́ ooru ló ń fẹ́ síni lára. Ọmọbìnrin méjì ló jókòó sórí àga gbọọrọ, tí àpò ìwé wọn wà lórí itan wọn. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Ìdánwò àṣejáde wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ tí wọ́n máa ya fọ́tò ìdágbére sì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló sọ ọ̀kan ní Afínjú, torí kì í jẹ́ kí eruku bà lé bàtà rẹ̀, ó sì máa ń nu àga kó tó jókòó. Irorẹ́ ló wá da ayé rẹ̀ rú. Ó ti bo iwájú orí rẹ̀, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èkejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kò ní irorẹ́ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí róbótó bíi ti ẹni tó ń fọn fèrè. Bó bá rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á wọlé lọ. Nígbà tó wà ní kékeré, orúkọ yẹn máa ń pa òun náà lẹ́rìn-ín. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́.

"Kì í ṣe ojú yín ló ń ṣe yín," ni onídìrí wí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù. "Inú yín ló kún. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti jẹ láti kékeré, ibẹ̀ ló wà tó ń jẹrà. Ojú ló ń gbà jáde."

Afínjú gbé ọwọ́ lé ikùn bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ejò wà níbẹ̀. "Ó ń jẹrà kẹ̀, Àǹtí?"

"Ilé tí wọn ò gbá fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣé kò ní rùn ni?"

Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó mú ìgò kékeré méjì jáde. Omi dúdú ló wà nínú wọn, ó ki bí ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ lára ìgò, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bébà funfun kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n fi bírò kọ "Gbálẹ̀-Inú" sí.

"Ìdérí kan láàárọ̀, ìdérí kan lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹun o, omi nìkan. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí èébì bá ń gbé yín, bí ìtọ̀ yín bá dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Ìdọ̀tí ló ń jáde yẹn. Bó bá ṣe ń le tó ni inú ṣe ń mọ́ tó."

"A ò lówó lọ́wọ́, Àǹtí," ni Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wí.

"Ta ló béèrè owó? Ojú yín ni yóò polówó fún mi lọ́jọ́ fọ́tò." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ará ilé yín. Àwọn àgbà ò mọ nǹkan ìgbàlódé. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ dá a dúró. Ẹni tó bá sì dá a dúró lágbedeméjì, ìdọ̀tí yẹn á padà sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ń lọ lójú ọ̀nà, tí ìgò ń kan ìwé nínú àpò wọn, Afínjú dúró lábẹ́ igi kan. Ó ní kí àwọn jọ búra pé kò sẹ́ni tó máa jẹun nínú àwọn méjèèjì kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, kò sì sẹ́ni tó máa sọ. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ búra. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ìtìjú ju ẹ̀rù lọ.

Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni ọ̀gá àwọn alásè ní ilé oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ahunṣọ kan. Igba èèyàn ló ń fún lóúnjẹ lójúmọ́, síbẹ̀ bó bá délé, yóò tún dáná fún ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Bàbá ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Nítorí náà ìyá àti ọmọ ló máa ń kojú ìkòkò lálaalẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mu ìdérí kan láàárọ̀. Ó korò bíi pé èèyàn lá ìṣó tó dógùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀wà sórí iná. Ó gé àlùbọ́sà àti tòmátì sí i, ó ṣa ẹja gbígbẹ sínú rẹ̀, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó jinná, ó da ẹ̀fọ́ tútù lé e lórí. Òórùn náà gba gbogbo yàrá. Itọ́ kún ẹnu Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ọjọ́ kẹta rèé tó o ti ń sọ fún mi pé o ti jẹun nílé ẹ̀kọ́," ni ìyá rẹ̀ wí, láì wẹ̀yìn. "Ilé ẹ̀kọ́ wo ló ń se oúnjẹ láìdáná?"

"Màámi, mo fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fọn ni. Mo fẹ́ rẹwà."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Hẹn-ẹn! Ẹwà lo ń wá, ẹ̀wà sì ni mo sè. Jẹ èyí tó wà nínú ìkòkò ná, èyí tó kù á wá bá ọ lójú."

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ abọ́ kan, ó jẹ ìkejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ó jẹ ọsàn méjì, ó mu omi, ó sùn bí òkúta. Nígbà tó jí, ara rẹ̀ ti wálẹ̀. Ìdọ̀tí kankan ò padà sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ìgò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó rí i pé ó ṣì kù ju ìlàjì lọ, ó sì rì í mọ́ abẹ́ aṣọ rẹ̀ nínú àpótí. Ó pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ò mu ún mọ́.

Ká ní ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ìtàn yìí ì bá ti tán síbí, à bá sì fi ṣe ẹ̀rín rín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé kíláàsì, Afínjú ti jókòó ní tiẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ṣé o ṣì ń bá a lọ?" ni Afínjú fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rántí ìbúra abẹ́ igi. Ojú tì í pé abọ́ ẹ̀wà méjì ló ṣẹ́gun òun. "Mo ṣì ń bá a lọ," ló wí.

"Ọpẹ́ o. Láná, díẹ̀ ló kù kí n jẹ búrẹ́dì. Mo kàn rántí pé bí ìwọ bá lè fara dà á, èmi náà lè fara dà á."

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fẹ́ sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ ti wọlé.

Ní ọjọ́ kẹfà, Afínjú fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìn ilé ìkówèésí. Ó ní ìdérí méjì méjì lòun ti ń mu báyìí kí òun lè yára mọ́, pé tòun ti tán, ojú sì ń ti òun láti padà lọ bá Àǹtí. "Ṣé tìẹ ṣì kù?"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wò ó. Irorẹ́ iwájú orí Afínjú ti ń gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un láti sọ̀rọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, irọ́ àkọ́kọ́ pe ẹnìkejì rẹ̀ wá.

"Mo ní òmíràn nílé," ló wí. "Èyí tí mò ń mu, màá mú un wá fún ọ lọ́la."

Lọ́jọ́ keje, ó mú ìgò tirẹ̀ wá, ó fi lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ara fu ú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún fúyẹ́. Ó rò pé bí ìgò náà ti kúrò nílé àwọn, òun ti yọ nínú ọ̀ràn náà. Kò mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an lòun wọ inú rẹ̀ dé ọrùn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn méjèèjì jọ wà níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ nílé ìyàgbẹ́. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé gíga, ó bọ́ sójú Afínjú. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fà sẹ́yìn. Ibi tó yẹ kó funfun nínú ẹyinjú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ pupa ẹyin.

"Ojú ẹ," ló wí. "Wo ojú ẹ."

Afínjú wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. Ó ń họ apá rẹ̀ bó ṣe ń wò ó, ó họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ta. "Ìtọ̀ mi náà ti dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Mo sì bì lẹ́ẹ̀mẹta lónìí." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ìdọ̀tí ló ń jáde. Bí Àǹtí ṣe wí ló rí gẹ́lẹ́. Ṣé tìẹ náà ti ń dúdú?"

Bí wọ́n ṣe jáde nílé ẹ̀kọ́, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù onídìrí lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Obìnrin náà ń di irun fún oníbàárà kan. Nígbà tó rí ojú ọmọ náà, ó rọra gbé kóòmù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀," ó sì fà á wọ yàrá ẹ̀yìn.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò wọ ibẹ̀ rí. Kò ní fèrèsé. Korobá kan wà láàárín ilẹ̀, omi dúdú yẹn kún un dé ìdajì, igi tí wọ́n fi ń pò ó sì dúró gbọnrangandan sínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti ya bébà ara wọn kúrò tò sí ẹ̀bá ògiri.

"Àǹtí, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó ń bì. Ó ti sọ ìdérí di méjì méjì. Ẹ jẹ́ ká sọ fún bàbá ẹ̀."

"Mélòó ni mo ní kó máa mu?"

"Ìdérí kan láàárọ̀, ìdérí kan lálẹ́."

"Ta ló wá ní kó sọ ọ́ di méjì? Èmi kọ́." Ohùn rẹ̀ tutù minimini. "Ìgò kan ni mo fún un. Bó bá ń mu méjì méjì, ó ti yẹ kó tán, ìkejì ló ń mu yẹn. Ta ló fún un?"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wolẹ̀.

"O rí i? Bó bá di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ọwọ́ rẹ ni wọ́n á rí lára ìgò yẹn. Èmi ò mọ ẹnì kankan." Ó fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ. "Lọ sílé, lọ kàwé rẹ. Ara ẹ̀ ti fẹ́ mọ́ nìyẹn. Ẹnu tó bá dákẹ́ kì í jẹ̀bi."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àga Afínjú ṣófo. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ jáde, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ lọ sílé wọn. Bàbá Afínjú ló ń tún aago ṣe ní yàrá iwájú. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, òun nìkan ló ń tọ́ ọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aago bíi ogójì ló so mọ́ ògiri, gbogbo wọn ló ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, kò sì sí èyí tó bá èkejì mu.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Mo wá wò ó ni."

"Káàsán, ọmọ mi. Ibà ni. Ibà apọ́njú." Ojú rẹ̀ ti rẹ̀. "Mo ti fún un ní oògùn ibà, mo ń fi ti ẹ̀fọ́rí lé e ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Mo ń wo aago. N ò fo ìkankan."

Afínjú dùbúlẹ̀ nínú yàrá, ó kọjú sí ògiri. Yàrá náà ń rùn, òórùn dídùn kan tó dà bí ti èso tó ti rà. Nígbà tó yíjú, àwọ̀ ara rẹ̀ pàápàá ti pọ́n. Ó wo Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Màámi," ló wí. "Ẹ ti dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbá inú mi. Ó ku díẹ̀."

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ta padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó ké. Bàbá sáré wọlé, ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kékeré. Ó da ìwé inú àpò ìwé ọmọ náà sílẹ̀, ó ki aṣọ díẹ̀ bọ̀ ọ́, ó jù ú sí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró lójú títì, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wọ́n. Ó ṣí ìpéǹpéjú Afínjú, ó tẹ abẹ́ egungun ìhà rẹ̀, ó sì yíjú sí bàbá.

"Kí ló jẹ? Kí ló mu? Àgbo ni, hóró oògùn ni, ohun yòówù tó lè jẹ́, ẹ sọ ọ́."

"Kò mu nǹkan kan, Dókítà. Ọmọ mi ò mutí, kò mu sìgá. Oògùn tí mo fún un nìkan ni."

Dókítà yíjú sí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. "Ìwọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé o mọ nǹkan kan?"

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ la ẹnu. Ó gbọ́ ohùn obìnrin yẹn nínú yàrá aláìní-fèrèsé: ọwọ́ rẹ ni wọ́n á rí. Àpò ìwé náà wà ní èjìká rẹ̀, inú ìbọ̀sẹ̀ kan nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni Afínjú máa ń fi ìgò pa mọ́ sí. Ó wúwo.

"Rárá, Mà," ló wí.

Ó gbé àpò náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, olùkọ́ wọn ní kí gbogbo kíláàsì dìde, kí wọ́n gbàdúrà fún ẹlẹgbẹ́ wọn tí àìsàn tí wọn ò mọ̀ dá dùbúlẹ̀. Gbogbo wọn ní "àmín." Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò lè ṣe àmín náà. Àìsàn tí wọn ò mọ̀, òun mọ̀ ọ́n. Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde, kò gbààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sáré la òpópónà mẹ́ta kọjá títí ó fi dé ilé-iṣẹ́ ahunṣọ.

Ìyá rẹ̀ wà láàárín àwọn ìkòkò ńlá, ooru bo ojú rẹ̀, ìpọnbẹ̀ gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ kò ṣàdédé gbé e dé ibẹ̀.

"Màámi, èmi ni mò ń pa á," ni Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wí, ó sì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì tó tutù fún omi ẹ̀fọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ìgò kìíní, ìbúra, abọ́ ẹ̀wà méjì, ìgò kejì, àti "Rárá, Mà" tó sọ fún dókítà.

Ìyá ò gbá a létí. Ká ní ó gbá a, ara ì bá tù ú. Ó fi ìpọnbẹ̀ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Dìde."

"Wọ́n á mú mi, Màámi."

"Kí wọ́n mú ọ kí ọmọ ọlọ́mọ yè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, tẹlòmíràn ló fẹ́ bá ọ dákẹ́. Mo ní kó o dìde!"

Pẹ̀lú aṣọ ìdáná lára ni ìyá fi wọ ọkọ̀. Kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni pé ó lè bọ́ sọnù.

Bàbá Afínjú jókòó síbi tí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fi í sí lánàá. Afínjú ò sọ̀rọ̀ mọ́. Omi ń kán wọ ọwọ́ rẹ̀ láti inú ike, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò ìwé, ó tú ìbọ̀sẹ̀ kan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì yọ ìgò náà. Ó ku bíi ìdérí mẹ́ta nínú rẹ̀.

"Èyí ló mu, Mà," ló wí fún dókítà. "Èmi náà mu ún fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo jẹun, mo dá a dúró, mo sì parọ́ fún un pé mò ń bá a lọ. Èmi ni mo fún un ní èyí. Mo mọ̀ lánàá."

Bàbá gba ìgò náà. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ mú ìdè aago tí kò tó irúgbìn ata, kò lè di ìgò mú, dókítà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rárá.

Dókítà ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pe nọ́ọ̀sì méjì, ó rán ọ̀kan lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ní kí wọ́n gbé oògùn míràn wá kíákíá. Lẹ́yìn náà ló tó yíjú padà.

"Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kú lọ," ló wí. "Látàná la ti ń wá ohun tó ń pa á. Odindi òru kan la ti pàdánù. Ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ ni bàbá sì tún ń fi oògùn ẹ̀fọ́rí lé láìmọ̀." Kò pariwo mọ́ ọmọ náà. Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọn ò fi mọ̀ bóyá Afínjú máa yè. Àwọn ọlọ́pàá lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Irun díẹ̀ wà nílẹ̀, àmì korobá dúdú róbótó sì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin náà ti lọ. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà, tàbí orúkọ tó ń kọ sára ìgò rẹ̀ báyìí.

Ní ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ìyá Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bi dókítà léèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Dókítà, ẹ má bínú sí àìmọ̀ mi. Ṣé lóòótọ́ ni ìdọ̀tí máa ń kún inú èèyàn?"

"Ìdọ̀tí máa ń wà, Mà," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbá a ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Ẹ̀dọ̀ ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ń fi ìtọ̀ gbé èyí tí kò wúlò lọ, ìfun ń ti ìyókù jáde. Wọn kì í sinmi, àní bá a bá ń sùn. Oúnjẹ gidi ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Kí lẹ máa ń sè nílé?"

"Ẹ̀wà ni, Mà. Ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin bó bá wà. Ọsàn máa ń wà nílé. Oúnjẹ lásán ni."

"Oúnjẹ lásán yẹn náà ni. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ á jẹ́ kí ìfun rìn, ẹja àti ẹyin á fún ẹ̀dọ̀ lókun, omi á ran kíndìnrín lọ́wọ́. Kò sí idán nínú ẹ̀, ojoojúmọ́ ni. Ọmọ yìí febi pa àwọn tó ń gbálẹ̀ fún un, ó sì da májèlé lé wọn lórí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Irorẹ́ á lọ fúnra rẹ̀ bó bá dàgbà. Ẹ̀dọ̀ ò ṣeé rà."

Afínjú yè. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dé ibi tó dé ló ń padà. Nígbà tó fi máa kúrò nílé ìwòsàn, fọ́tò ìdágbére ti kọjá, ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì lè ṣe é. Àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣooṣù ni yóò máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn tí àwọn yòókù ń gbé mì láìronú sì ti di ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè.

Lójoojúmọ́, bí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bá ti ṣe ìdánwò tán, á gbé oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ sè lọ sílé Afínjú. Bàbá á gba abọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "O ṣeun," á sì ti ilẹ̀kùn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ tó parí ìdánwò, bàbá ṣí ilẹ̀kùn, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

Afínjú jókòó lórí ibùsùn, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Alẹ́ ọjọ́ tó o jẹun yẹn, ebi ń pa mí débi pé mò ń sunkún," ló wí. "Búrẹ́dì wà lórí tábìlì. Mo ní bóyá ìwọ náà ń sunkún níbi tó o wà. Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe fọwọ́ kàn án. Ká ní o sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé o ti jẹun, ǹ bá jẹun."

"Mo mọ̀," ni Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Mo parọ́ fún ọ. Mo tún parọ́ fún dókítà. Dárí jì mí."

"N ò tíì lè ṣe é." Afínjú gbé ṣíbí sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n máa wá."

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bá àwọn ọmọbìnrin kíláàsì ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọdún tó parí. Ó dúró níwájú wọn, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ibi tó bu òun kù.

"Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé inú yín ń jẹrà, tó sì ní kẹ́ ẹ má sọ fún ará ilé," ló wí, "ẹ sá fún un. Ara yín mọ bó ṣe ń fọ ara rẹ̀. Ẹ jẹ oúnjẹ tó ń hù nínú ilẹ̀ àti èyí tó ń gbé nínú omi, ẹ mu omi, ẹ sùn, ẹ ní sùúrù pẹ̀lú ojú yín. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì ń ṣe ohun tó lè pa á, ẹ má ṣe bá a pa á mọ́, kódà bẹ́ ẹ ti búra. Ìtìjú ni mo kọ̀ fún ara mi tí mo fi parọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní mo sọ òtítọ́ ní ọ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta yẹn, àga kan kì bá tí ṣófo nínú gbọ̀ngàn ìdánwò wa."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọ kékeré kan ní ìlà iwájú rọra na ọwọ́ sókè, ó ní òun mọ ẹnì kan ní kíláàsì àwọn tó ní irú ìgò bẹ́ẹ̀ nínú àpò. Ó ní òun ti búra pé òun ò ní sọ. Ó sì dìde, ó sọ ọ́.